Ọbẹ̀ Aláìlẹ́ran ní Ẹ̀jìgbò

Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó gbé ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran síwájú àlejò gbọ́dọ̀ tọrọ gáfárà. "Ẹ má bínú o, ibi tí agbára mọ nìyẹn." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá tí ẹ̀fọ́ wọn jinná dáadáa, tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀, tí àwọn fúnra wọn sì mọ̀ pé ọbẹ̀ náà dùn. Kò sí ohun tó ṣe ọbẹ̀. Ẹran ni a fi ń sọ fún àlejò pé a kà á sí; bí kò bá sí nínú àwo, ó dà bí ẹni pé onílé tú àpò rẹ̀ han ará ìta.

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí mo mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí obìnrin ilé ti lè to ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ilá àti àlùbọ́sà kalẹ̀ ní àwo oríṣiríṣi, láìsí egungun kan níbẹ̀, kí orí rẹ̀ sì máa wú bí àlejò ṣe ń jẹun. Lẹ́bánónì ni. N kò dé ibẹ̀ rí. Àbíjàn ni mo ti mọ oúnjẹ wọn.

Ẹni tó bá mọ Ẹ̀jìgbò kò ní béèrè bí Àbíjàn ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí. Agbo ilé tí kò ní ọmọ lọ́hùn-ún ṣọ̀wọ́n. Láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wa ni ọmọ Ẹ̀jìgbò ti ń gba Kútọnu, Lómẹ́ àti Àkrà kọjá lọ sí Côte d'Ivoire, ọkọ̀ sì ń gbéra níbí títí di òní tó jẹ́ pé Àbíjàn ló ń lọ tààrà. Ọmọdé ń fi Faransé ná ọjà ní ìlú wa. Ìyá arúgbó tí kò dé Èkó rí lè júwe àdúgbò Treichville àti Adjamé ní Àbíjàn fún ọ. Attiéké tí wọ́n ń fi gbágùúdá ṣe lọ́hùn-ún wà lórí àtẹ. Ilé tí owó Àbíjàn kọ́ wà káàkiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà ní títì pa, tí ẹni tó ni wọ́n kì í wálé àfi bí ọdún bá dé tàbí bí òkú bá ṣẹlẹ̀. Inú ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni èmi ń gbé, èmi nìkan.

Àwọn ará Lẹ́bánónì náà pọ̀ ní Àbíjàn. Gúúsù ilẹ̀ wọn ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, láti agbègbè Tírè tí Bíbélì ń dárúkọ, láti ìlú kéékèèké bíi Zrarieh. Ogun abẹ́lé tó jà níbẹ̀ láti 1975 títí di 1990 tún lé àwọn mìíràn wá bá àwọn tó ti ṣáájú. Àwọn tó wá sí Nàìjíríà ní tiwọn, ìlú kan tó ń jẹ́ Miziara ní àríwá ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ni àwọn bàbá wa ń pè ní Kòráà, tí wọ́n ta aṣọ ní Gbági ní Ìbàdàn títí òpópónà kan níbẹ̀ fi ń jẹ́ Lebanon Street. Bí mo bá ro Zrarieh, Ẹ̀jìgbò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìlú méjì tí kò mọ ara wọn, tí wọ́n kó ọmọ lọ sí ìlú ẹlẹ́ni kan náà, tí ọmọ ń fi owó ibẹ̀ kọ́ ilé sílé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé inú ṣọ́ọ̀bù ni tiwọn jókòó sí, ojú ọ̀nà iwájú ṣọ́ọ̀bù ni tiwa pàtẹ sí.

Iwájú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kan ní Treichville ni ìyá mi ti ń tajà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwọn ọmọkùnrin ló ń dá oníbàárà lóhùn nínú ṣọ́ọ̀bù; ìyá wọn, arúgbó kan tí kì í bọ́ aṣọ dúdú, ń dáná lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tantie ni ìyá mi ń pè é, bí gbogbo ọjà ṣe ń pè é. Òun náà ń pe ìyá mi ní Maman. Faransé ọjà àti èdè Jùlá díẹ̀ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sì pọ̀. Àmọ́ àwo máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Nígbà àkọ́kọ́ tí ìrẹsì tí wọ́n fi hóró dúdú kan sè sọ̀ kalẹ̀, tí àlùbọ́sà díndín bò ó lórí, ìyá mi fi ṣíbí wú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ẹran wà níbẹ̀. Kò sí. A jẹ ẹ́ tán. Mo rántí pé ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń rò ó bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó tó yẹn ṣe ń jẹun láìsí ẹran, tí ó sì tún ń bù ú fún aládùúgbò láìtijú.

Ṣàwámà ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa mọ̀ mọ́ àwọn ará Lẹ́bánónì, láti Èkó títí dé Òṣogbo. N kò bá ṣàwámà jà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ojú títì ni, òórùn ẹran ni oúnjẹ ojú títì sì fi ń pe oníbàárà láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí wọ́n ń jẹ nínú ilé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù, kò jáde sí títì rí.

Ààwẹ̀ ló fún oúnjẹ inú ilé yẹn ní ìlànà. Àwọn Kristẹni Lẹ́bánónì, àwọn Maronite àti àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, máa ń yẹra fún ẹran nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó ṣáájú Àjíǹde; lọ́dọ̀ àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, wàrà àti ẹyin náà kúrò nílẹ̀. Ewé, hóró àti òróró ló kù fún obìnrin ilé láti fi bọ́ ìdílé rẹ̀ fún ogójì ọjọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ aláìlẹ́ran fún ogójì ọjọ́ lọ́dọọdún, tí ìyá rẹ̀ sè é, tí ìyá ìyá rẹ̀ sè é, kò lè máa sè é bí ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n fún. Yóò ti mọ bí a ṣe ń fi òróró ṣe ohun tí ọ̀rá ẹran ń ṣe, bí a ṣe ń fi ọsàn kíkan jí ẹnu, bí a ṣe ń fi iná díẹ̀díẹ̀ fa adùn jáde lára àlùbọ́sà. Àwọn Mùsùlùmí gúúsù kò ní Lẹ́ńtì, síbẹ̀ oúnjẹ kan náà ló wà nínú ìkòkò wọn. Ebi náà sì kọ́ wọn. Láàárín 1915 sí 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, eéṣú jẹ oko wọn, ọkọ̀ ogun dí ojú òkun mọ́ wọn, ìjọba Ọ́tómàn sì ń kó ọkà fún ọmọ ogun. Àwọn tí ìyàn pa ní Òkè Lẹ́bánónì tó nǹkan bí 200,000 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ìran tó la irú ìyẹn kọjá kì í fojú di hóró.

Hóró dúdú inú àwo Tantie, lẹ́ńtìlì ni, èyí tí Bíbélì sọ pé Esau tìtorí ìpẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ta ogún ìbí rẹ̀. Mujaddara ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Ó wà nínú ìwé ìdáná tí al-Baghdadi kọ ní Bàgídáádì ní 1226, ohun tó sì dùn mọ́ mi jù nípa rẹ̀ ni pé ẹran wà nínú èyí tí ọkùnrin yẹn kọ sílẹ̀. Ti ọjọ́ àsè nìyẹn. Tálákà ń se tirẹ̀ láìsí ẹran. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ, ti tálákà ló wà lórí tábìlì gbogbo wọn, ti ọjọ́ àsè ti di ohun inú ìwé.

N kò rí lẹ́ńtìlì rà ní Ẹ̀jìgbò. Ẹ̀wà olóyin ni mo ń lò, mo sì rò pé ó tó bẹ́ẹ̀: ó rọ̀, adùn ara rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà kò ṣàjèjì sí wa, oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé ni. Iṣẹ́ àlùbọ́sà ló yàtọ̀. Fún agolo ẹ̀wà kan, mo máa ń rẹ́ àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta sí wẹ́wẹ́, mo sì ń dà á sínú òróró tó pọ̀, lórí iná tí kò le. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ariwo nìkan ló máa ń pa. Omi ara rẹ̀ ló ń jáde lọ. Lẹ́yìn náà ariwo á rọlẹ̀, àlùbọ́sà á rọ̀, á pọ́n díẹ̀. Ìgbà náà ni kò yẹ kí èèyàn kúrò nídìí rẹ̀, nítorí láti pípọ́n dé dídú kì í pẹ́ rárá. Mo máa ń kó ìdajì rẹ̀ jáde nígbà tó bá pọ́n kó lè gbẹ ganrangan, èyí ni yóò bo ojú oúnjẹ. Ìdajì tó kù, mo ń fi í sílẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, kí n tó bu omi ẹ̀wà lé e lórí. Omi náà á dúdú. Inú rẹ̀ ni ẹ̀wà àti ìrẹsì yóò ti jinná, wọn á sì mu àwọ̀ rẹ̀ àti adùn rẹ̀ láìsí ata, láìsí irú, láìsí magí.

Àwọn ìyá ẹlẹ́wà àganyìn mọ iṣẹ́ yìí. Ata wọn tó dúdú yẹn, àlùbọ́sà tí wọ́n dín dé etí jíjóná nínú epo wà nínú rẹ̀, orí ẹ̀wà ṣíṣè lásán ni wọ́n sì ń bu ú lé. Tógò àti Benin ni wọ́n ti gbé e wá, lójú ọ̀nà kan náà tí ọkọ̀ Àbíjàn ń tọ̀. Ata ló ń gba ìyìn nínú tiwọn, àlùbọ́sà ló ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ yánrin ló yí èrò mi padà jù. Bí òjò bá ti rọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, ó máa ń hù fúnra rẹ̀ létí oko, àwọn obìnrin a sì gbé e wá sọ́jà láti àwọn abúlé tó yí wa ká. Ó korò díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ rà á. Ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ní Lẹ́bánónì, ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní hindbeh, ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko kó òun àti yánrin sí, ó korò bíi tirẹ̀, inú pápá ni àwọn ìyá àgbà sì ti ń já a. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á gé e, wọ́n á yí i nínú òróró pẹ̀lú aáyù, wọ́n á wá fi àlùbọ́sà díndín bò ó. Ó gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó jẹ ẹ́, ọsàn kíkan sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ṣe yánrin bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. Kíkorò rẹ̀ kò lọ, ó kàn rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni. Adùn àlùbọ́sà wà níhìn-ín, kíkan ọsàn wà lọ́hùn-ún, ewé náà wà láàárín. Bí a ṣe ń se é ní tiwa, ẹ̀gúsí, irú, edé àti ẹja gbígbẹ máa ń bò ó mọ́lẹ̀ títí a ó fi gbàgbé pé ewé wà níbẹ̀. N kò sọ pé tiwa kò dára. Ọbẹ̀ yánrin ẹlẹ́gùúsí kò ní kúrò nínú ìfẹ́ mi. Àmọ́ mo ti dàgbà kí n tó mọ bí yánrin fúnra rẹ̀ ṣe rí lẹ́nu. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà nínú ìlú yìí. Ì bá wù mí kí wọ́n rí ewé yìí bí ohun tó yẹ ní gbígbìn, kí ó má parí sí etí oko tí oògùn apakoríko ń dé lọ́dọọdún.

Ibi tí ìrònú mi máa ń já sí bí mo bá ń fún yánrin ni òrìṣà ìlú yìí. Òrìṣà funfun ni Ògìyán. Àwọn òrìṣà funfun ní èèwọ̀ tiwọn: a kì í fi epo pupa sí oúnjẹ Ọbàtálá, a kì í fi iyọ̀ sí i, òrí ni wọ́n fi ń rọ́pò epo. Kì í ṣe pé wọn kì í jẹ ẹlẹ́mìí. Ìgbín wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń se oúnjẹ òrìṣà láìsí iyọ̀ àti epo gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n ọwọ́ tó jinlẹ̀, nítorí ohun méjì tí alásè fi ń gba ara rẹ̀ là ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó jẹ́ sọ pé ìṣẹ́ ló mú òrìṣà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ojú tí a fi ń wo ọbẹ̀ aláìlẹ́ran lónìí ni a ti ń fi wò ó láti ìṣẹ̀dálẹ̀. A ti mọ yíyẹra rí, gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀wọ̀.

Nínú síse oúnjẹ Lẹ́bánónì níbí, òróró ló ṣòro jù. Ní Lẹ́bánónì, òróró ólífì ni ìpìlẹ̀, agbada kún fún un. Níbí, inú ìgò kékeré ni ó ń wá, ilé ìjọsìn ni a mọ̀ ọ́n mọ́: wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á fi kan iwájú orí aláìsàn. Ó pẹ́ kí n tó lè da irú òróró bẹ́ẹ̀ sínú páànù kí n sì dín àlùbọ́sà nínú rẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Owó rẹ̀ náà kò ṣeé fi ṣeré. Òróró ẹ̀pà ni mo ń lò lójoojúmọ́, mo sì ń ta ólífì díẹ̀ sórí rẹ̀ bí oúnjẹ bá ti tutù, níbi tí òórùn rẹ̀ kò ti ní bá iná lọ. Epo pupa kò bá oúnjẹ yìí mu rárá. Ohùn tirẹ̀ ga jù, yóò sọ gbogbo rẹ̀ di tiwa.

Ìkórè ólífì máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá. Ní oṣù kẹsàn-án 2024 ni bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí gúúsù Lẹ́bánónì lákọlákọ. Kí ìdáwọ́-ìjà-dúró tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 27 oṣù kọkànlá, ó ju mílíọ̀nù kan èèyàn lọ tó ti sá kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kò lè dé ìdí igi ólífì rẹ̀ ní ọdún yẹn. Mo ń gbọ́ ìròyìn náà nílé, orúkọ Tírè ń jáde léraléra, àwọn ilé tí owó Àbíjàn kọ́ ni mo sì ń rò. Àwa náà mọ irú rẹ̀ níwọ̀n tiwa. Nígbà tí ìbọn ń dún ní Côte d'Ivoire ní 2002, àti láti ìparí 2010 wọ 2011, àwọn èèyàn wa sá wálé pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Ìyá mi wà lára àwọn tó wálé. Ó gbé àpótí aṣọ kan, ó sì gbé ìkòkò tí Tantie fún un.

Ewédú náà wà nínú ìkòkò àwọn ará Lẹ́bánónì. Ewé kan náà gan-an ni, mloukhieh ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n yíyọ̀ tí àwa ń wá ni àwọn ń sá fún. Àwa ń fi ìjábẹ̀ já a, a ń fi káún sí i kó lè yọ̀ dáadáa. Àwọn ń dín ewé náà lódindi nínú òróró títí yóò fi gbẹ, wọ́n á fi ọsàn kíkan sí i kí ìyọ̀ tó kù lè parẹ́. Ilá náà nìyẹn: wọn kì í rẹ́ ẹ. Ọmọ ilá tútù ni wọ́n ń ṣà, wọ́n á dín in lódindi, kí wọ́n tó fi tòmátì àti aáyù sè é jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ti gba ti ilá. Ilá odindi nínú tòmátì, ní ọjọ́ kejì tí mo ti sè é, mo lè fi jẹ búrẹ́dì láràárọ̀. Ti ewédú, n kò gbà; ewédú tí kò yọ̀ ń bà mí nínú jẹ́.

Yànmọ̀tì tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe tàhínì ń bẹ lọ́dọ̀ wa. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun jù lọ láyé, láti Nasarawa, láti Benue, láti Jigawa. Mo ń yan án fẹ́rẹ́, mo ń lọ̀ ọ́ títí òróró ara rẹ̀ yóò fi jáde, mo sì ń pò ó mọ́ ìgbá tí mo sun lórí ẹ̀yinná, pẹ̀lú aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ìgbá tiwa korò ju tiwọn lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀pọ̀ àwo ni oúnjẹ Lẹ́bánónì yìí, tábìlì tí ogún èèyàn jókòó yí ká ni wọ́n ṣe é fún, èmi sì ń dá se é, mo ń dá jẹ ẹ́. Mo ti rò pé ìyẹn yóò mú un wúwo lọ́kàn mi. Ohun tí mo rí ni pé ó bá ilé ẹnì kan mu ju ọbẹ̀ wa lọ. Kò béèrè pé kí wọ́n gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì. Òróró àti ọsàn ń pa á mọ́ di ọjọ́ kejì, ó sì tún máa ń dùn sí i nígbà náà. Bí iná mànàmáná bá lọ, tí gáàsì bá tán, oúnjẹ ṣì wà. Ohun tí wọ́n ṣètò fún ilé tí obìnrin ti ń jáde lọ sí oko ólífì láti àárọ̀ dé alẹ́ ni, ó sì ń wúlò fún ilé Àbíjàn tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé ní Ẹ̀jìgbò.

Tabbouleh ni n kò tíì lè ṣe bó ṣe yẹ. Ewé páslì ni olórí rẹ̀, ọkà àlìkámà lílọ̀ kò ju díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Ní Àbíjàn, attiéké ni wọ́n fi ń rọ́pò ọkà náà, mo lè ṣe ìyẹn níbí pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n páslì kò sí lọ́jà wa, ẹfinrin sì le jù fún iṣẹ́ náà. Mo ti ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n bá mi ra irúgbìn páslì. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, màá gbìn ín sábẹ́ ìbòòji lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní jó o.

Kí ewé rẹ̀ tó tó já, iṣu tuntun yóò ti dé, ọdún Ògìyán yóò ti dé, àwọn ará Àbíjàn yóò ti kún ìlú, iyán yóò sì wà ní gbogbo ilé. Mo fẹ́ gún iyán ti èmi, kí n fi yánrin olóròóró tútù jẹ ẹ́. N kò mọ̀ bóyá ọsàn wẹ́wẹ́ yóò bá iṣu tuntun lọ.